Ọkọ̀ èrò láti Abẹ́òkúta sí Kútọnu: ọkọ̀ náà dára, àmọ́ ẹ má fi ìwé ìrìnnà yín lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti bá iléeṣẹ́ ọkọ̀ yìí rìn láti Abẹ́òkúta lọ sí Kútọnu. Nígbà mẹ́rin àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú pé ọkọ̀ wo ni kí òun wọ̀, tiwọn ni mo máa ń júwe. Ìgbà karùn-ún ni wọ́n já mi sílẹ̀ sínú yàrá ìmígíréṣọ̀n, tí mo sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ bọ́dà tí a gbà, torí mi ò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ báyìí mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dára, torí ó dára lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ni, éésì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọn kì í kó èèyàn lé èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni wọ́n ti máa ń wá gbé ẹrù wa ní Ìtòkú, tí aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀ bá sì lù, a ti gbéra. Dẹ́rẹ́bà kì í sáré àsápajúdé. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kó wa padà. 45,000 náírà ni mo san fún àlọ àti àbọ̀, ìdì ẹrù kan wà nínú rẹ̀, ìdì kejì sì jẹ́ 5,000 náírà. Ẹni tó bá ń kó aṣọ mọ̀ pé owó yìí kò pọ̀ jù. Wọ́n wá kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì gbọnnrangandan pé owó bọ́dà wà nínú rẹ̀.

Owó bọ́dà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tí ó bá ti ku díẹ̀ ká dé bọ́dà, dẹ́rẹ́bà á ní ká kó páásípọ́ọ̀tù wá. Á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á ki owó sáàárín, á fi rọ́bà dè é, á sọ̀ kalẹ̀. Àwa á jókòó sínú éésì, a ó máa jẹ búrẹ́dì wa. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí á fi padà dé, tí á pín ìwé fún oníkálùkù, tí a ó sì máa lọ. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ rin bọ́dà rí, tó ru ẹrù nínú oòrùn, tí wọ́n dá dúró níwájú tábìlì bíi mẹ́rin, á mọ ìdí tí inú wa fi máa ń dùn sí ètò yìí. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń sanwó rẹ̀. N kò ṣí ìwé mi wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi tèmi wà nìyẹn, mo sì gbà á.

Ọjọ́bọ̀ 14 oṣù Kẹjọ 2025 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìdì méjì ni mo gbé, ọ̀kan àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀kan oníko, fún oníbàárà mi kan ní Tọ́kpá, ọjà ńlá Kútọnu, tó fẹ́ kó wọn lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Lomé. A kọjá níhà tiwa láìsí wàhálà. Níhà kejì, dẹ́rẹ́bà lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó pín ìwé, ó pín ìwé, tèmi kò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Aládìrẹ, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo wọ yàrá náà. Kò tóbi: tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fáànù tó ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni òṣìṣẹ́ tó jókòó. Ó ṣí ìwé mi sílẹ̀, ó fi ìka tọ́ òǹtẹ̀ kan hàn mí. Òǹtẹ̀ ìwọlé ni, ti 13 oṣù Kẹta. Ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó wá gbé ojú sókè wò mí. Òǹtẹ̀ ìjáde kò sí níbì kankan.

Mo ti padà sílé ní Sátidé 15 oṣù Kẹta. Ọkọ̀ yìí náà ló gbé mi, dẹ́rẹ́bà yìí náà ló wà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ yẹn, ńṣe ló sanwó kọjá, kò jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, lójú ìwé, mo wọ ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kẹta, mi ò sì tíì jáde. Ọjọ́ 154 ló wà láàárín 13 oṣù Kẹta sí 14 oṣù Kẹjọ. Àwọn ará ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 90 ọjọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Lójú òṣìṣẹ́ yẹn, mo ti fi ọjọ́ 64 kọjá, mo tún wá dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Mi ò lè bá a wí pé ó béèrè ọ̀rọ̀. Bí èmi náà bá wà ní ìjókòó rẹ̀, màá béèrè.

Bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Faransé àti Gùn ni ọ̀gá náà ń sọ. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ Faransé ju ti owó lọ. Ó wá pe ọmọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ru ẹrù níta pé kó wá ṣe ògbufọ̀. Yorùbá ọmọ náà kò ju ti "ẹ gbé e wá, èló ni." Ọ̀gá bi mí pé ìgbà wo ni mo wọlé. Mo ní, "Oṣù kẹta ni." Ọmọ náà yíjú sí ọ̀gá, ó sì ní, "Trois mois."

Mo mọ trois. A fi ń nájà ní Tọ́kpá. Mo fò dìde. Mo ní, "Rárá o, mi ò sọ pé oṣù mẹ́ta. Oṣù kẹta ni mo wí, oṣù kẹta!" Ọmọ náà tún wò mí, ó tún ní trois mois. Kẹta àti mẹ́ta, bákan náà ni wọ́n ń dún létí rẹ̀. Bí mo bá ṣe ń pariwo tó ni ọ̀gá ń kọ ọ́ sílẹ̀ tó: ìyá yìí gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ti lo oṣù mẹ́ta níbí. Mo na ìka sókè, mo fi ka oṣù, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ́nà. Ó ní kí n jókòó.

Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè ti wá ń rọ́ lu ara wọn. Níbo lò ń gbé ní Kútọnu? Ta ló gbà ọ́ sílé? Ta ló ń bọ́ ọ? Ọkọ rẹ dà? Kí lo fẹ́ fi 214,000 sẹ́fà tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe? Ó ní kí n ṣí fóònù mi, ó sì ń wo àwòrán inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ-ọmọ mi, àwo ọ̀fadà, òkú ẹ̀gbọ́n mi nínú pósí. Ẹni ọdún 58 ni mí. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tó ń pọn aró lábẹ́ mi. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí pé ta ló ń bọ́ mi, omi sì lé sí mi lójú níbẹ̀.

Wọ́n tú ìdì aṣọ mi. Àwọn ẹlẹ́kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ni, wọ́n ṣì ń fi àwọ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe fọwọ́ kàn wọ́n ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di búlúù. Ó ní oògùn wo nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ṣàlàyé fún ọmọ aláàárù bí a ti ń po ẹ̀kọ láfún, tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ funfun, tí a ń rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró, tí a ń yọ ọ́, tí a ń tún un rẹ, tí a wá ń ha ẹ̀kọ náà kúrò kí funfun ìsàlẹ̀ lè jáde. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ fún un.

Ó tún kan káàdì yẹ́lò, èyí tó ń fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 2014 ni mo gba tèmi. Ó ní ọdún mẹ́wàá ni, ó ti kú ní 2024. Èyí ni kí ẹ̀yin tó ní káàdì àtijọ́ fi sọ́kàn dáadáa: láti 11 oṣù Keje 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti yí padà, tí abẹ́rẹ́ yẹn ti di ti ọjọ́ ayé ẹni tó gbà á. Káàdì tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí ṣáájú ìgbà náà náà wà nínú ètò yìí. N kò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn dákẹ́ ni.

Tó bá di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, dẹ́rẹ́bà yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní àwọn èrò ń pariwo, wọ́n fẹ́ dé ọjà kó tó kún. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá nǹkan fún wọn, wọ́n á fi yín sílẹ̀." Mo ní, "Ìwọ lo gba owó bọ́dà lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo gbé mi jáde ní oṣù Kẹta. Wá sọ fún un." Kò wọlé. Ó já ìdì ẹrù mi tó kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì lọ. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ náà nígbà tó gbéra.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún mi, mo pe ọ́fíìsì wọn ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin tó gbé e ní ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò kan iléeṣẹ́, ẹni tó ni ìwé ni kó rí sí i. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí n má bínú. Mo bi í pé kí wá ni "owó bọ́dà" tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n á pè mí. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ẹnikẹ́ni kò pè.

Èrò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí mi. Ọmọdébìnrin ni, tó ń lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ra omi àti àkàrà wá, ó bá mi jókòó ti ẹrù mi níta kí wọ́n má baà jí i, títí mo fi jáde. Gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ yẹn yẹ kó ṣe fún 45,000 náírà mi, ọmọ yìí ló ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò fi sanwó kí n máa lọ. Ọ̀gá náà kò béèrè owó ní tààrà, ṣùgbọ́n ọmọ aláàárù ti ń fojú sọ ọ́ fún mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé owó náà kò lè tẹ òǹtẹ̀ tó sọnù. Bí mo bá san án lónìí, bí mo bá dé lóṣù Kọkànlá, ihò tó wà nínú ìwé mi á ṣì wà níbẹ̀, á sì ti jìn sí i.

Lẹ́yìn aago méjì ni wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wọlé, ó rí mi lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ní, "Ẹ kú ìjókòó, ìyá."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ti rí lára mi. Ọmọ Kétu ni. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn tiwọn, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù sí mi. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìlà tó gba àárín wa kọjá, tí ọmọ Kétu fi bọ́ sọ́hùn-ún, tí Ẹ̀gbá fi bọ́ síhìn-ín. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fi jókòó sórí ìlà náà, èmi àti ẹni tí kò gbọ́ mi. Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ mi, ó ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi oṣù kẹta àti oṣù mẹ́ta, ó di ojú rẹ̀ díẹ̀, ó mi orí.

Ó ní, "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìyá, ẹ̀rí wo lẹ ní pé ilé lẹ wà láti ìgbà yẹn?"

Mo ronú. Mo ki ọwọ́ sínú pọ́ọ̀sì, mo yọ káàdì àjọ mi.

Ẹ̀yin ará ọjà mọ̀ ọ́n: páálí kékeré tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú ilé, oṣù lókè, ọjọ́ nísàlẹ̀. Alájọ wa máa ń dé Ìtòkú lójoojúmọ́ àyàfi Sọ́ńdè, 2,000 náírà ni mò ń dá, bí mo bá sì ti dá a, á fi báírò fa ìlà sójú ilé ọjọ́ yẹn, á fọwọ́ sí i. Mọ́ńdè 17 oṣù Kẹta, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dé Wẹ́sìdeè 13 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kan péré ṣáájú. Ibi tó ṣófo ni ọ̀sẹ̀ tí ibà dá mi gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ọkùnrin náà fi ìka ka á láti òkè dé ìsàlẹ̀, oṣù kan tẹ̀ lé oṣù kan. Ó béèrè ibi tó ṣófo, mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló yí káàdì náà sí ọ̀gá àárọ̀ tó ti ń múra àtilọ, ó fi Faransé bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ohun tó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé, "Mo ní ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ ní Abẹ́òkúta kò lè máa sùn ní Kútọnu."

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lákọ̀tun. Ó kà á fún mi ní Yorùbá kí n tó fọwọ́ sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìwọlé tuntun fún mi. Aago mẹ́ta àtààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo jáde. Mo dé Tọ́kpá, oníbàárà mi ti lọ. Oṣù kan gbáko ni mo fi wá ẹni tó máa ra àwọn ẹlẹ́kọ yẹn.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi tó ka ìwé òfin sọ ohun kan fún mi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń rìn mọ̀. Bí wọ́n bá dá ẹnikẹ́ni dúró nílẹ̀ òkèèrè, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fi tó aṣojú ìjọba rẹ̀ létí. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1963 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Nàìjíríà ní ilé aṣojú ní Kútọnu. Mo ti ń lọ sí Kútọnu láti ọjọ́ yìí wá, mi ò ní nọ́ńbà wọn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ kò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wọn gbọ́ mi títí mo fi parí, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Ó dá 15,000 náírà padà fún mi. Ó ní èrò ló máa ń fẹ́ kí wọ́n yára, pé bí dẹ́rẹ́bà bá dúró gba òǹtẹ̀ mẹ́rìnlá, àwọn oníbàárà á bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Mo wà lára àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n yára. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ ìyára ni wọ́n ń tà, kí wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé wọn kò ní tẹ ìwé, kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé aṣojú sẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n sì pinnu pé bí wọ́n bá dá èrò dúró nítorí ohun tí dẹ́rẹ́bà ṣe, ẹnì kan nínú iléeṣẹ́ á dúró tì í. Ó ní òun máa rò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo gbà lẹ́yìn náà kò tíì yí padà.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, ọkọ̀ àti ìwakọ̀ wọn gba mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ bọ́dà wọn kò gba ẹyọ kan.

Mo tún bá wọn lọ ní oṣù Kẹwàá, torí kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń wá gbé ẹrù ní Ìtòkú. Kí n tó lọ, mo tẹ́ ìwé mi sílẹ̀ mo wò ó: nínú ìrìn mẹ́ta tó ṣáájú ti oṣù Kẹta, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní òǹtẹ̀ ìwọlé àti ìjáde. Méjì tó kù, bí ẹni pé n kò rìn ín rí. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ní ká kó páásípọ́ọ̀tù wá, mo ní tèmi á wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan kùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tò síwájú fèrèsé, mo dúró títí mo fi rí òǹtẹ̀ tó bọ́ sórí ìwé, mo ka déètì rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló gbà mí. Nígbà tí à ń bọ̀ ní Sátidé, èèyàn mẹ́ta ló bá mi sọ̀ kalẹ̀, ìyá kan tó ń ta bàtà sì béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ń tẹ ti ìjáde sí. Dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró dè wá.